Kí Ló Ń Pa Bátìrì Sólà Létí Òkun Ìlàjẹ?

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìgbókọ̀dá, tó forí lé Ayétòrò tàbí Awóyè, yóò rí páńẹ́ẹ̀lì sólà lórí òrùlé ọ̀pọ̀ ilé. Kì í ṣe fàájì ló gbé e débẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí iná ìjọba ti di àwátì ní ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fi gáàsì ṣe iná wà ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́, nítòsí Òkìtìpupa, láti 2007. Epo rọ̀bì tó sọ Oǹdó di ọ̀kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ 9 tí àjọ NDDC ń mójú tó, omi Ìlàjẹ ni wọ́n ti ń wà á. Àwọn tó tẹ Ayétòrò dó ní 1947 ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ara wọn tan iná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Àwọn ọmọ wọn ló ń ra sólà báyìí.

Páńẹ́ẹ̀lì kì í sábà bí èèyàn nínú, ó lè lo ogún ọdún lórí òrùlé. Bátìrì ni ìjàngbọ̀n. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti fáànù títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó bá fi máa tó ọdún méjì, kò ní í gbé gílóòbù méjì di aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹni tó rà á á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Nígbà míì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojúlówó náà ń kú láìtọ́jọ́ ní etíkun yìí, ìdí rẹ̀ ni orí yìí sì fẹ́ tú wò. A óò ṣí ikùn bátìrì, lẹ́yìn náà a óò dé ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kò sí iná nínú bátìrì. Iná mànàmáná kì í ṣe ohun tí à ń rọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ìrìn ni. Nínú wáyà tó bá gbé iná, àwọn ẹyọ wínníwínní tí à ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń rìn, tí ìrìn wọn bá sì dúró, iná kú. Kò sẹ́ni tó lè kó ìrìn jọ. Ohun tó ṣeé ṣe ni pé ká fi agbára ìrìn náà ti nǹkan kan kúrò níbi tó wù ú láti wà, ká dá a dúró síbẹ̀, títí dìgbà tí a bá fẹ́ tú u sílẹ̀. Bó bá ṣe ń padà sí àyè rẹ̀ ni yóò máa dá agbára tí a fi tì í padà fún wa. Agbára àtọ́jú ni ìwé yìí ń pe ìyẹn. Àwọn nǹkan tí à ń tì síwá sẹ́yìn, àtàwọn ibi tí wọ́n ń lọ wọ̀ sí, la óò máa pè ní èròjà atọ́jú-agbára.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ omi ṣàlàyé, nítorí ọmọ Ìlàjẹ kò ní í ṣì í gbọ́. Èbúté méjì dojú kọra lórí ọ̀sà. Èrò kún èbúté kìíní, ṣùgbọ́n ọkàn gbogbo wọn wà ní ìkejì, torí ibẹ̀ tù wọ́n lára jù. Èrò lè wọkọ̀ sọdá, àmọ́ èèwọ̀ ọ̀sà náà ni pé ẹrù kò gbọdọ̀ kan omi. Ojú títì ni ẹrù gbọ́dọ̀ gbà yí ká. Bí ẹrù kò bá sì gbéra, èrò kò ní í gbéra, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ dé òkè kejì lọ́wọ́ òfo. Áyọ́ọ̀nù ni èrò inú bátìrì, ìyẹn átọ́ọ̀mù tó ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ẹrù. Áásìdì, tàbí omi mìíràn tí wọ́n rọ sínú bátìrì, ni ọ̀sà. Wáyà ni ojú títì, inú ilé wa ló sì gbà kọjá: bí ẹrù ṣe ń kọjá ni gílóòbù ń tàn, tí fáànù ń yí. Bí a bá pa súìṣì, a ti dínà nìyẹn, ẹrù dúró, èrò náà dúró. Nígbà tí oòrùn bá yọ, páńẹ́ẹ̀lì á fi tipátipá wọ́ ẹrù padà sí èbúté kìíní, èrò á sì tẹ̀ lé ẹrù rẹ̀. Ohun tí à ń pè ní ṣíṣáàjì nìyẹn. Fólítì tí wọ́n kọ sára bátìrì ń sọ bí òkè kejì ṣe ń wu èrò tó. Lẹ́tà Ah tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ iye ẹrù tó wà ní èbúté.

Alessandro Volta ará Ítálì ló kọ́kọ́ to irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ ní 1800, ṣùgbọ́n nínú tirẹ̀, bí èrò bá ti sọdá, ó parí. Ní 1859, Gaston Planté ní ilẹ̀ Faransé fi òjé ṣe èyí tó ṣeé ṣáàjì. Ọmọ ìyá bátìrì Planté ló wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò títí dòní, òun náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé létí òkun.

Bátìrì òjé onífólítì 12 jẹ́ yàrá mẹ́fà, fólítì méjì-méjì. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, pátákó òjé dúró nínú omi áásìdì. Àwọn kan jẹ́ òjé gidi, àwọ̀ eérú ni wọ́n ní. Àwọn yòókù jẹ́ òjé tó ti gba ọ́síjìn mọ́ra, wọ́n pọ́n, wọ́n sì dúdú díẹ̀. Bí a ṣe ń lo iná, áásìdì ń kúrò nínú omi, ó ń lẹ̀ mọ́ pátákó méjèèjì, ó ń di èépá funfun lára wọn, omi tó kù sì túbọ̀ ń dà bí omi lásán. Ìdí nìyẹn tí rìwáyà fi máa ń fi ọ̀pá onígíláàsì fa omi inú bátìrì wò. Nǹkan kékeré kan wà nínú gíláàsì náà tó ń léfòó. Bí áásìdì bá ṣì pọ̀ nínú omi, omi náà á gbé e sókè. Bí áásìdì bá ti lọ di èépá, nǹkan náà á rì. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ ni rìwáyà ń ṣe, ó ń ka iye áásìdì tó kù ni. Nígbà tí a bá ń ṣáàjì, èépá yẹn á yọ́ kúrò lára òjé, á padà sínú omi.

Èépá yìí gan-an ló ń pa bátìrì òjé. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bo pátákó, hóró rẹ̀ kúná, ó sì rọrùn láti yọ́. Bí bátìrì bá wá wà láìkún fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn hóró náà á máa so pọ̀, wọ́n á le, wọ́n á di ohun tí ṣáàjì kò lè yọ́ mọ́. Ibi tí wọ́n bá bò lára òjé ti kú nìyẹn, kò tún ní í gba èrò kankan mọ́. Ẹ wá wo ìgbà òjò ní Ìlàjẹ. Ojú ọ̀run ń ṣú fún odidi ọ̀sẹ̀, páńẹ́ẹ̀lì kò rí oòrùn tó, àwọn ará ilé kò sì dín tẹlifíṣọ̀n wíwò kù. Alaalẹ́ ni wọ́n ń lo bátìrì dé ìsàlẹ̀, kò sì kún padà lọ́sàn-án. Ìgbà òjò kan péré tó láti gba ọ̀pọ̀ nínú agbára bátìrì tuntun.

Omi inú rẹ̀ náà ń gbẹ. Bí ṣáàjì bá pọ̀ jù, iná á tú omi sí gáàsì méjì tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Omi tó yẹ ká fi dí i ni èyí tí wọ́n sè di ooru, tí wọ́n sì gba ooru náà padà di omi, tí kò ní ohunkóhun nínú. Ní ìlú tí omi mímu gan-an ti ṣọ̀wọ́n, tí omi odò ń mú iyọ̀, èyí tó bá wà nítòsí lọ̀pọ̀ ń bù sí i. Iyọ̀ inú omi bẹ́ẹ̀ ń jẹ òjé ní kọ̀rọ̀.

Ooru tún wà níbẹ̀. Iye ọdún tí ilé iṣẹ́ sọ pé bátìrì òjé yóò lò, ìwọ̀n ooru 25 ní Celsius ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Bí ooru ibi tó wà bá fi nǹkan bí 10 ju ìyẹn lọ, ẹ̀mí bátìrì yóò dín sí nǹkan bí ìdajì. Ẹni tó bá ti jókòó sábẹ́ òrùlé páànù ní aago méjì ọ̀sán mọ̀ pé 35 kò ṣòroó rí níbẹ̀.

Èyí tó jẹ́ ti etíkun gan-an kì í tilẹ̀ wọ inú bátìrì. Lítà omi òkun kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ nínú. Ìgbì ń fọ́n omi yìí sókè, afẹ́fẹ́ sì ń gbé iyọ̀ rẹ̀ wọlé. Ẹ wo orí bátìrì tí kò rí ìnujú fún oṣù mélòó kan. Iyọ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ lórí rẹ̀, ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, iná sì ń yọ́ gba orí ọ̀rinrin yẹn láti orí pósítíìfù lọ sí orí nẹ́gẹ́tíìfù ní gbogbo òru láìtan gílóòbù kankan. Ibi tí wáyà ti kan orí bátìrì, bàbà ti di àwọ̀ ewé. Ìdọ̀tí àwọ̀ ewé yẹn kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń darí ṣáàjì á rò pé bátìrì ti kún nígbà tí kò tíì kún. Èépá funfun á wá rí àyè le sí i. Ẹni tó bá ń fi aṣọ nu orí bátìrì rẹ̀, tó sì ń fi gírísì kun ún, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe.

Mo tún fẹ́ sọ pé a máa ń fìyà jẹ bátìrì mọ́tò. Iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún ni kó ta ẹ́ńjìnnì jí, kó sì gba ṣáàjì rẹ̀ padà kíá. Pátákó inú rẹ̀ tín-ínrín torí ìyẹn. Àwa wá ní kó gbé ilé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Lítíọ̀mù ni ọjà ń pariwo báyìí, ariwo náà sì nídìí. Nínú bátìrì rẹ̀, èrò kì í di èépá lára èbúté, ó ń wọlé, ó ń jáde ni. Gíráfáìtì, irú èyí tó wà láàárín pẹ́ńsù, ni wọ́n sábà fi ń ṣe èbúté kìíní. Pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ ló tò, àwọn pẹlẹbẹ náà sì jẹ́ kábọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù lítíọ̀mù ń yọ́ wọ àárín wọn, átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù mẹ́fà fún lítíọ̀mù kan, á sì tún yọ́ jáde láìba ètò ibẹ̀ jẹ́.

Ọmọ Áfíríkà ló fi èyí hàn. Rachid Yazami, tí wọ́n bí ní Fez ní ilẹ̀ Mòrókò, ń ṣèwádìí ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé ní 1980 nígbà tó rí i pé lítíọ̀mù lè wọ gíráfáìtì kó sì tún jáde. Lọ́dún kan náà, John Goodenough àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Oxford fi kóbọ́ọ̀tì ṣe èbúté kejì. Akira Yoshino ní Japan ṣe bátìrì tó pé pérépéré ní 1985, Sony sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1991. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé ní 2019, Goodenough tó ti di ẹni ọdún 97, Yoshino àti Stanley Whittingham ni wọ́n fún. Òfin Nobel kò gbà ju ènìyàn mẹ́ta lọ. Lójú tèmi, kò dára bí orúkọ Yazami kò ṣe sí níbẹ̀. Ẹ̀bùn Draper ti 2014 ló ka òun náà mọ́ Goodenough àti Yoshino.

Kóbọ́ọ̀tì wọ́n lówó, kò sì fẹ́ràn ooru. Ní 1997, àwọn ẹmẹ̀wà Goodenough ní Texas gbé èbúté mìíràn jáde, irin àti fọ́sífétì ni wọ́n fi ṣe é. Òun ni lẹ́tà LFP tí ẹ ń rí lára bátìrì sólà dúró fún. Ó fara da ooru ju ti kóbọ́ọ̀tì lọ, wíwà láìkún kì í ṣe é léṣe bíi ti òjé, ó sì lè kún kó tún gbẹ nígbà ẹgbẹ̀rún mélòó kan, nígbà tí bátìrì òjé tí wọ́n ń lò dé ìsàlẹ̀ kì í kọjá ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Bí owó bá wà, òun ni mo lè gba ará Awóyè nímọ̀ràn láti rà.

Ṣùgbọ́n òun náà ń darúgbó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ṣáàjì rẹ̀ nílé iṣẹ́, omi inú rẹ̀ á bá gíráfáìtì ṣe, awọ kan tó fẹ́lẹ́ gan-an á sì bò ó. Awọ ààbò ni mò ń pè é, torí pé òun ni kì í jẹ́ kí omi náà jẹ gíráfáìtì tán. Owó orí tó ń gbà ni pé inú rẹ̀ ni lítíọ̀mù díẹ̀ ń há sí, èrò bẹ́ẹ̀ kò sì ní í sọdá mọ́ láé. Bí ooru bá ṣe pọ̀ tó ni awọ yìí ń nípọn sí i. Bátìrì tó wà nílé olótùútù àti èyí tó wà lábẹ́ páànù ní Ìlàjẹ kì í gbó lọ́jọ́ kan náà.

Níbo wá ni èèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe èbúté tí yóò fara da irú ibi báyìí? Ọ̀kan nínú àwọn ibi tó lórúkọ jù ni Amiens, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ní Yunifásítì Picardie Jules Verne, níbi tí Jean-Marie Tarascon àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe gudugudu méje lórí bátìrì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí ètò ẹ̀kọ́ másítà tí wọ́n ń pè ní MESC+, ọ̀kan nínú àwọn ètò Erasmus Mundus ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Èròjà atọ́jú-agbára ni kókó ẹ̀kọ́ náà. Ọdún méjì ni, akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í lò ó tán sójú kan: Warsaw ní Poland àti Ljubljana ní Slovenia wà lára ibi tí ẹ̀kọ́ lè gbé e dé. Ẹni tó bá rí owó ìrànwọ́ Erasmus Mundus gbà ń gba 1,400 yúrò lóṣù, kò sì ní san owó ilé ìwé.

Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Orí ìyẹ̀fun ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á po èròjà pọ̀, á sun ún nínú ààrò, á lọ̀ ọ́ kúná. Á wá fi kábọ́ọ̀nù dúdú kún un kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè rí ọ̀nà gbà, á fi gọ́ọ̀mù dì í, á tẹ́ ẹ sórí fọ́ìlì, á jẹ́ kó gbẹ, á sì gé e róbótó. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan àpótí dígí tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n fi gáàsì ágọ́ọ̀nù rọ́pò rẹ̀. Omi àti lítíọ̀mù kì í ṣe ọ̀rẹ́, nítorí náà ọ̀rinrin inú àpótí náà kò gbọdọ̀ tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti ọwọ́ bọ gílọ́ọ̀fù rọ́bà tí wọ́n so mọ́ ara àpótí, á sì máa to nǹkan: ìdérí irin kékeré, róbótó tó gé, aṣọ ààlà tí kò ní jẹ́ kí èbúté méjèèjì fara kanra, ẹ̀kán omi bátìrì, róbótó lítíọ̀mù tó ń dán, sípíríǹgì, ìdérí kejì. Á wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀. Ohun tó máa mú jáde fẹ̀ ní mìlímítà 20, kò sì nípọn ju 3.2 lọ. Gílọ́ọ̀fù náà ki, sípíríǹgì sì kéré, ó sì máa ń já bọ́.

Ẹ̀rọ kan á máa ṣáàjì bátìrì kékeré yìí, á máa lò ó gbẹ, tọ̀sán-tòru, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa wo iye ẹrù tó lọ àti iye tó padà. Bí wọn kò bá dọ́gba mọ́, á tú bátìrì náà, á gbé èròjà inú rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ X-ray láti wò bóyá àyè àárín àwọn átọ́ọ̀mù ti fẹ̀ tàbí ó ti wó. Nípa báyìí ni wọ́n fi ń mọ ohun tó pa bátìrì.

Ibí yìí ni ọmọ etíkun ti wúlò jù. Ìwọ̀n ooru 25 ni wọ́n sábà máa ń fi ẹ̀rọ ìdánwò bẹ́ẹ̀ sí, nínú yàrá gbígbẹ. Ẹni tó dàgbà nínú ilé orí òpó lójú omi ni yóò béèrè pé kí wọ́n gbé e sí 40, kí wọ́n fi ìrì oníyọ̀ sí i, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ láìkún fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a wò ó.

Ó sì lè jẹ́ pé iyọ̀ yìí náà ni oògùn wà nínú rẹ̀. Sódíọ̀mù, ẹ̀gbọ́n lítíọ̀mù, ló wà nínú iyọ̀, kò sì sí òpin rẹ̀ nínú òkun. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ tóbi ju ti lítíọ̀mù lọ, kì í sì í wọ gíráfáìtì bó ṣe yẹ. Kábọ́ọ̀nù líle, tí àwọn pẹlẹbẹ rẹ̀ kò tò létòlétò, ló ń gbà á wọlé. Igbá àgbọn wà lára ohun tí wọ́n ń fi ṣe kábọ́ọ̀nù yìí: wọ́n á sun ún níbi tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, ní ìwọ̀n ooru tó lé ní 1,000. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé fi bátìrì sódíọ̀mù han aráyé, nígbà tó sì di 2017, ilé iṣẹ́ Tiamat bẹ̀rẹ̀ ní Amiens láti sọ ọ́ di ohun títà. Ó wúwo ju ti lítíọ̀mù lọ fún iye agbára kan náà. Ilé kì í sáà rìn, kí ló kàn án pẹ̀lú ìwúwo? Ní ti lítíọ̀mù fúnra rẹ̀, wọ́n ń wà á ní Nasarawa, ṣùgbọ́n òkúta ni títí dìgbà tí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di èbúté bá dé.

Yúróòpù nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Ní 2021, àjọ WASCAL, tí Jámánì àtàwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jọ gbé kalẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ másítà lórí agbára àti gáàsì háídírójìn, tí òun náà jẹ́ ọ̀nà kan láti tọ́jú agbára. Yunifásítì Lomé wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tó wà fún ìmọ̀ èròjà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè àkọ́kọ́ nínú kẹ́mísìrì, físíìsì tàbí iṣẹ́ ẹnjiníà, ì báà jẹ́ ní Ifẹ̀ tàbí ní Yunifásítì Olusegun Agagu tó wà nítòsí yín ní Òkìtìpupa, ẹ̀yin ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń wá. Ẹ tètè lọ béèrè transcript yín báyìí, kí ẹ sì bá àwọn olùkọ́ tí yóò kọ̀wé jẹ́rìí yín sọ̀rọ̀, nítorí nǹkan méjèèjì yìí ló sábà máa ń pẹ́ jù.